Odò Tí Mo Gbé Arlis Kọjá

Ẹ jẹ́ kí oúnjẹ wà ní bíbò ná. Mo mọ̀ pé adìẹ tí Verna dín ń tutù lọ, mo sì mọ̀ pé a kì í ṣáà dìde sọ̀rọ̀ nínú ìpàdé ìrántí kí alàgbà tó gbàdúrà tán. Ṣùgbọ́n dókítà ní ẹ̀dọ̀ mi ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe, n kò sì ní bá yín jókòó ní itẹ́ òkú yìí lọ́dún tó ń bọ̀, àfi tí ẹ bá gbé mi wá. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ máa bá a. Tèmi ku ọdún kan kó pé ogún. Kí òótọ́ tó bá mi, ẹ jẹ́ kí n fi ẹnu ara mi sọ ọ́. Igi kọ́ ló pa Arlis Maynard. Clell Runyon tí gbogbo yín ti ń ṣépè fún láti ọjọ́ náà wá kọ́ ló pa á. Èmi Virgil Stepp, ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀, ni mo pa á.

Ẹ̀yin àgbà mọ̀ pé igi ni bàbá wa gé títí ó fi kú, ó sì fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún èmi àti Verna. Nígbà tí Verna fẹ́ Arlis, tó kó lọ bá a ní òdìkejì odò Tug tó pààlà láàárín Kentucky tiwa àti West Virginia, Arlis ló wá ń ṣojú fún un nínú iṣẹ́. Inú mi ò dùn sí i rí. Gbogbo ohun tí ọkùnrin náà bá sọ ló máa ń bọ́gbọ́n mu, ẹ̀yin náà mọ irú ènìyàn bẹ́ẹ̀, wọ́n máa ń bí olórí kunkun nínú. Nígbà tí a rí iṣẹ́ ńlá kan gbà lórí òkè ní ìhà tiwọn, igi óákù tó máa gbà wá ní ọdún méjì láti gé, Arlis ní, “Virgil, Kentucky nìkan ni wọ́n ti mọ iléeṣẹ́ wa o. Ká tó fi ayùn kan igi ní ìhà ibí, a ní láti lọ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba wọn. Fọ́ọ̀mù kan péré ni.” Mo ní, “Bàbá mi gé igi létí odò méjèèjì fún ogójì ọdún, kò tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnì kankan.” Ó ní, “Bàbá ò ní iléeṣẹ́ nígbà yẹn, ìbaaka méjì ló ní.” Clell, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń bá wa ṣiṣẹ́, bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn wọ̀ mí lára bí ẹ̀gún.

Mo gba fọ́ọ̀mù náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo ní màá kọ ọ́. Mo jókòó tì í ní tòótọ́. Ó kù díẹ̀ kí n parí rẹ̀ ni mo dé ibi tí wọ́n ti ń béèrè orúkọ ẹnì kan tó ń gbé ní ìpínlẹ̀ yẹn, ẹni tí ilé ẹjọ́ máa gbé ìwé lọ fún bí ẹnikẹ́ni bá ní ẹ̀sùn lòdì sí wa. Nínú gbogbo wa, ta ló ń gbé níbẹ̀ bí kò ṣe Arlis? Kí n fi ọwọ́ ara mi kọ orúkọ rẹ̀ sórí ìwé iléeṣẹ́ bàbá mi? Ìlara ni, ẹ má bá mi wá orúkọ mìíràn fún un. Mo ki fọ́ọ̀mù náà bọ inú iná, mo sì sọ fún wọn pé mo ti fi ránṣẹ́.

A bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Arlis béèrè ìwé àṣẹ lẹ́ẹ̀kan, mo ní ó ń bọ̀. Ó béèrè lẹ́ẹ̀kejì, mo ní ìjọba kì í sáré. Ó béèrè lẹ́ẹ̀kẹta lójú Clell, ní ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, ó ní, “Àna mi, ṣé o tilẹ̀ fi ìwé yẹn ránṣẹ́?” Ìkúùkù ni mo fi dá a lóhùn. Mo gbọ́ bí egungun imú rẹ̀ ṣe dún. Nígbà tó ṣubú, mo fi bàtà iṣẹ́ gbá a níhà, mo tún gbá a. Kò lù mí padà. Ó dìde, ó fi apá ẹ̀wù nu ẹ̀jẹ̀ nù, ó ní, “O lágbára, Virgil. Kò burú. N kò ní béèrè mọ́.” Lóòótọ́ kò béèrè mọ́. Èmi òpè wá rò pé mo ti ṣẹ́gun.

Ìdajì oṣù kẹwàá ni, láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan. Igi óákù tó tẹ̀ sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè ni mo ń gé. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ kì í fi ìkánjú gé igi tó tẹ̀, ṣùgbọ́n inú ń bí mi sí òjò tó dá wa dúró lọ́jọ́ tó ṣáájú. Arlis pariwo láti ẹ̀yìn pé, “Virgil, rọra! Ó fẹ́ là!” Mo tún tẹ ayùn mọ́ ọn. Igi náà là láti ìdí lọ sókè, ìlàjì rẹ̀ sì ta sẹ́yìn bí ẹṣin ṣe ń ta ìpá. Ó kọjá létí mi, ó gbá Arlis ní itan. Nígbà tí mo yíjú padà, ó wà nílẹ̀, egungun ti yọ jáde lára ṣòkòtò, ẹ̀jẹ̀ ń tú yàà.

Clell bọ́ bẹ́líìtì rẹ̀, ó fi so itan náà, ó yọ fóònù. “Ọ̀gá, ilé ìwòsàn wà nísàlẹ̀ òkè níbí! Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni wọ́n máa dé!” Mo ní, “Fi fóònù yẹn sílẹ̀.” Ó ní, “Ọ̀gá, ṣé ẹ ò rí ẹ̀jẹ̀ ni?” Mo rí i. Ṣùgbọ́n ohun tí mo ń rò ni pé bí wọ́n bá bá a níbẹ̀, wọn yóò béèrè ìwé àṣẹ wa, a ò ní in, iṣẹ́ yóò bọ́, Verna yóò sì mọ̀ pé òpùrọ́ ni mí. Bí ó bá jẹ́ pé ilẹ̀ tiwa ló ti farapa, ta ni yóò béèrè nǹkan kan? Ẹ gbọ́ ìwà ọmọ ènìyàn! Mo gbé ẹ̀rú àáké, mo fi gbá Clell lẹ́nu. Eyín rẹ̀ fọ́n sórí ewé. Ó ṣì di fóònù mú, ni mo bá gbá a lápá títí apá náà fi rọ̀, mo fi bàtà fọ́ fóònù. Mo ní, “Bí o bá sọ̀rọ̀ yìí fún ẹnikẹ́ni, màá dáná sun ilé mọ́ ìyá rẹ lórí.” Ó mọ̀ pé n kò ṣeré.

Mo gbé Arlis sí ẹ̀yìn ọkọ̀, láàárín ẹ̀wọ̀n àti okùn, mo sì fi Clell sílẹ̀ lórí òkè. Ogójì ìṣẹ́jú ni ọ̀nà olókùúta yẹn dé afárá. Gbogbo kòtò tí mo bá bọ́ sí, mo ń gbọ́ ọ. “Virgil, dá ọkọ̀ dúró. Virgil, jọ̀ọ́, nítorí Ọlọ́run.” Ní etí afárá, ọkọ̀ ńlá kan tó kó èédú ń bọ̀ lódìkejì, afárá ò sì gba ju ọkọ̀ kan lọ. Mo dúró dè é. Ìgbà yẹn ni Arlis bẹ̀rẹ̀ sí í gbóhùn sókè. Mo fò sẹ́yìn ọkọ̀, mo fa tapólì bò ó, mo kúnlẹ̀ tì í, mo tẹ àtẹ́lẹwọ́ mọ́ ọn lẹ́nu àti nímú. Ó jà kúrò níbẹ̀ díẹ̀, ó ní, “Ìwé yẹn... Virgil, mo ti...” Mo tún tẹ ọwọ́ mọ́ ọn. Ó gé mi jẹ, àpá rẹ̀ rèé. Awakọ̀ náà fọn fèrè, ó juwọ́ sí mi, mo sì fi ọwọ́ kejì juwọ́ sí i. Ọkọ̀ rẹ̀ gùn. Nígbà tí mo gbé ọwọ́ kúrò, ojú Arlis là, ṣùgbọ́n èmi kọ́ ló ń wò.

Mo gbé e kọjá odò. Mo tẹ́ ẹ sílẹ̀ nínú igbó wa àtijọ́, mo fi katakata wọ́ gẹdú lé òkú lẹ́sẹ̀, lẹ́yìn náà ni mo pe áńbúláǹsì. Mo sọ fún ọlọ́pàá pé Clell ló mutí yó, tó wó igi lu àna mi, tó sì sá lọ. Clell sá lọ sí Ohio ní tòótọ́, torí ìbẹ̀rù mi. Kò wá sin ìyá rẹ̀.

Ọjọ́ Sátidé la sin Arlis síbí yìí. Lọ́jọ́ Ajé, Verna mú lẹ́tà kan wá bá mi, kò tíì ṣí i. Ó ní, “Ti iléeṣẹ́ ni. Ojú mi ò lè kàwé báyìí, bá mi wò ó.” Mo ṣí i. Ìwé àṣẹ ni, pẹ̀lú òǹtẹ̀ ìjọba ìhà ọ̀hún. Ọjọ́ márùn-ún ṣáájú ikú Arlis ni wọ́n fọwọ́ sí i. Ẹ̀dà fọ́ọ̀mù wà lẹ́yìn rẹ̀, Arlis ló kọ ọ́, ó fi ránṣẹ́ láìjẹ́ kí n mọ̀, kí ìjà má baà tún dé. Ohun tó fẹ́ sọ lábẹ́ ọwọ́ mi nìyẹn: “Mo ti forúkọ wa sílẹ̀.” Gbogbo bí mo ṣe ń wọ́ ọ sá kúrò ní ìpínlẹ̀ yẹn, a ti lẹ́tọ̀ọ́ láti wà níbẹ̀. Mo sọ fún Verna pé ìwé ìpolówó lásán ni. Ó ní, “O ṣeun, ẹ̀gbọ́n mi. Kí ni ǹ bá ṣe láìsí ìwọ?”

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ìtìjú díẹ̀ ni mo sá fún, bébà kan ṣoṣo! Ẹ jẹ́ kí ojú tì yín lónìí, kí ẹ má baà dé ibi tí mo dé. Mo ti sọ gbogbo rẹ̀ fún ọ̀gá ọlọ́pàá láàárọ̀ yìí, ó ń dúró dè mí nínú ọkọ̀ rẹ̀ nísàlẹ̀. Ọkùnrin tó jókòó lẹ́bàá ọgbà yẹn, tí ẹ ò dá mọ̀, Clell ni. Èmi ni mo kọ̀wé pè é. Clell, dárí jì mí bí o bá lè ṣe é. Ẹ gbé oúnjẹ fún un kí ẹnikẹ́ni tó jẹun, kí ẹ sì ṣe é rọ̀, nítorí eyín rẹ̀.

Verna, má sọkún sí mi lára, n kò yẹ fún un. Gba ìwé rẹ. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹnikẹ́ni tó bá ní ẹ̀sùn lòdì sí iléeṣẹ́ Stepp, kó gbé e lọ bá Arlis Maynard. Mo ti gbé e wá bá a.