Omi Mùtíù Tí Mo Rọ Sínú Bátìrì

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Ọ̀rọ̀ kan ti wà nínú mi fún ọdún mẹ́fà, ìyàwó mi pàápàá kò mọ̀ ọ́n. Ohun tí mo fojú rí lóṣù tó kọjá ni kò jẹ́ kí n lè pa á mọ́ra mọ́.

Ọmọ Ilé-Ifẹ̀ ni mí, agboolé wa wà ní Ìrẹmọ. Iṣẹ́ láàbù ni mò ń ṣe ní yunifásítì. Èmi ni mò ń fọ ìgò, èmi ni mò ń se omi títí yóò fi di ooru, tí mo sì ń gbà á padà ní mímọ́ fún àwọn tó ń ṣèwádìí. Dádì ni gbogbo wọn ń pè mí. Mo máa ń fọ́nnu pé kò sí ohun tí omi lè ṣe tí mi ò mọ̀.

Mùtíù, ọmọ Ìwó kan tó ń kàwé gba oyè ọ̀mọ̀wé, ló kọ́kọ́ bá mi jiyàn. Ó ní tí òun bá fọ́n omi kó kúná bí ìkùukùu, tó sì pàdé afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù, èyí tí à ń mí síta tó tún ń jáde lẹ́nu jẹnẹrétọ̀, omi náà yóò sọ díẹ̀ nínú afẹ́fẹ́ yẹn di ásíìdì tí àwọn olóko rọ́bà fi ń mú oje igi dì. Kò ní fi iná sè é, kò ní fi oògùn kankan sí i. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Mùtíù, omi lásán lo ń fọ́n kiri yìí o."

Ó ní, "Dádì, inú korobá ló ti jẹ́ omi lásán. Tó bá ti di wínníwínní, òde ara rẹ̀ níbi tó ti kan afẹ́fẹ́ ló ń ṣiṣẹ́ yẹn."

Ó fọ́n omi yìí fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, ó ní àmì ásíìdì náà ti ń hàn nínú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó gbá a jọ sínú ìgò mẹ́fà, ó kọ nọ́ńbà sí wọn lára, ó kó wọn sínú fìríìjì, ó sì lọ ṣe Iléyá nílé. Tó bá dé ni wọn yóò kó wọn lọ sí ìlú mìíràn, níbi tí ẹ̀rọ ńlá tó ń yẹ irú omi bẹ́ẹ̀ wò wà.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni wọ́n mú iná lọ. Omi ti gbẹ nínú bátìrì ìnfátà wa, omi mímọ́ nìkan ni a sì ń rọ sí i. Láìsí iná, mi ò lè se òmíràn. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó jẹ́ ọ̀gá Mùtíù ń retí àlejò, wọ́n ní iná gbọ́dọ̀ wà. Mo ṣí fìríìjì, mo rí ìgò mẹ́fà. Mo ní ṣebí omi náà ni. Mo rọ ọ́ sínú bátìrì. Nígbà tí iná dé, mo se omi tuntun, mo rọ ọ́ sínú àwọn ìgò náà, ó sì dé ibi tí ti tẹ́lẹ̀ dé. Ẹ jọ̀ọ́, mi ò ní ibi lọ́kàn. Mo rò pé mo ti tún un ṣe ni.

Èsì dé: kò sí nǹkan kan nínú omi náà. Ọ̀jọ̀gbọ́n ní ìdọ̀tí ló ti ń tan Mùtíù jẹ látẹ̀yìnwá. Mùtíù wá bá mi, ojú rẹ̀ ti pọ́n. Ó ní, "Dádì, ẹ má bínú o, ṣé ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kan àwọn ìgò mi?"

Mo ní, "Rárá o."

Èyí tí mo ṣe sí omi, àìmọ̀kan ni. Èyí tí mo fẹnu mi sọ, mo mọ̀ ọ́n. Ẹ̀rù ọ̀gá ń bà mí, mo sì ní lọ́kàn mi pé kò kúkú lè sí nǹkan kan níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Mùtíù fi ìwé náà sílẹ̀. Ó ti ń kọ́ni nílé ẹ̀kọ́ girama kan ní Mọdákẹ́kẹ́ báyìí. Lọ́dọọdún, tí Iléyá bá ti dé, ó máa ń gbé ẹran wá fún mi. Mo sì ń jẹ ẹ́, ẹ̀yin ará.

Lóṣù tó kọjá, Títí, ọmọbìnrin kan tó ń kàwé lọ́dọ̀ ọ̀jọ̀gbọ́n kan náà, gbé iṣẹ́ yìí dìde padà, nítorí àwọn onímọ̀ òkè òkun ti ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ kiri. Èmi ni mo se omi fún un, èmi ni mo fọ ìgò. Mo bá a lọ síbi ẹ̀rọ náà, mo jókòó tì í. Ìlà kan ń lọ gbọọrọ lójú kọ̀ǹpútà, ó ṣàdédé ga sókè bí òkìtì ọ̀gán. Títí ní, "Dádì, ásíìdì náà nìyẹn."

Orí mi wú. Ọdún mẹ́tàlélógún ni mo ti ń se omi, tí mò ń mu ún, tí mò ń fi í wẹ̀, mi ò mọ̀ pé irú agbára báyìí wà lára rẹ̀. Èéfín burúkú tí à ń sá fún, omi tó kúná gbà á, ó sọ ọ́ di ohun tí ènìyàn lè lò. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo rí kùrukùru lórí òkè, mo dúró, mo kàn ń wò ó ni. Ìyàwó mi ní kí ló ṣe mí. Mo ní Ọlọ́run tóbi. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi ò tilẹ̀ pé ogún.

Ọ̀jọ̀gbọ́n ránṣẹ́ pe Mùtíù pé kó padà wá parí ìwé rẹ̀, pé ààyè wà títí oṣù yìí yóò fi parí. Ó wá. Ó wo èsì Títí, ó pẹ́ lórí rẹ̀. Ó wá rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ ṣé, sà, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe máa ṣe é. Omi kan náà lèmi fọ́n, mi ò rí nǹkan kan. Ọwọ́ mi ò mọ̀ ọ́n ṣe." Ó dọ̀bálẹ̀ kí mi, ó gun ọ̀kadà lọ. Mo wà níbẹ̀, mo padà sídìí ìgò tí mò ń fọ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣẹ́ èpè fún mi. Tí mo bá sọ ọ́, ìtìjú ni, bóyá iṣẹ́ pàápàá yóò bọ́ nígbà tí ìfẹ̀yìntì mi ti kù díẹ̀. Tí mi ò bá sọ ọ́, oṣù yóò parí. Ẹ̀yin tó ti ṣẹ ọmọ ọlọ́mọ rí, tí ẹ sì ti tọrọ àforíjì, ẹnu wo ni ẹ fi sọ ọ́? Báwo ni mo ṣe máa wí fún Mùtíù pé ọwọ́ rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n ṣe láti ọdún mẹ́fà sẹ́yìn?