Lẹ́tà Tí Mo Kọ sí Àníkẹ́

Ní gbogbo ọ̀sán Jímọ̀, nígbà tí àwọn ọkùnrin bá ti kírun tán tí wọ́n ń gba iwájú ilé wa kọjá, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin á ti ọwọ́ bọ abẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀, á fa gèlè àtijọ́ kan yọ, á tú kókó ẹ̀, á sì kó ìdì lẹ́tà kan jáde. Á nà án sí ibi tó bá ti gbọ́ ìró ẹsẹ̀ mi. Á ní, "Àbúrò mi, jọ̀ọ́, ka ìwé mi fún mi." Ojú rẹ̀ méjèèjì ti fọ́. Èmi tó ń bẹ̀ pé kí n bá òun kà á yìí, èmi náà ni mo kọ gbogbo lẹ́tà yẹn, òun kò sì mọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi, ẹ má tíì ṣàánú mi o. Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ irú ènìyàn tí mo jẹ́ ná, kí ẹ tó mọ ibi tí ẹ máa kó àánú yín sí.

Ọmọ Ọ̀fà ni mí. Mo ka ìwé mẹ́wàá jáde, mo kọ́ táípù, mo sì gbà pé kò sí ẹni tó gbọ́n tó mi láti ibùdókọ̀ réluwéè títí dé ọ̀nà Ẹ̀rìn-Ilé. Nígbà tí SAP dé, tí àwọn ológun ní kí kálukú fún ìgbànú mọ́ ikùn, wọ́n dín òṣìṣẹ́ kù níbi tí mo ti ń tẹ táípù, orúkọ mi sì wà lára àwọn tí wọ́n ní kó máa lọ sílé. Mo jókòó sílé títí tí ojú fi ń tì mí láti jáde. Ìgbà náà ni wọ́n júwe ọkùnrin kan fún mi tó ń ta oògùn ojú, tó ń wá ẹni tó mọ̀wé kọ. Alhaji ni gbogbo ayé ń pè é. Mẹ́kà wo ló lọ? Fìlà funfun ló fi gba Alhaji! Ìkòkò kan wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tó ti máa ń po oyin mọ́ omi iyọ̀, á wá da nǹkan kẹta sí i tí kì í jẹ́ kí n rí. Mo rí ìkòkò yẹn níjọ́ àkọ́kọ́, mo yín imú, mo sì gba iṣẹ́ náà.

Ìwé ìléwọ́ tó ti ń pín tẹ́lẹ̀ ló kọ́kọ́ kó lé mi lọ́wọ́. Ohun tó ní kí wọ́n kọ síbẹ̀ ni pé oògùn òun ló dára jù, kí gbogbo ènìyàn yáa wá rà á. Mo rẹ́rìn-ín sí i lójú. Mo ní, "Alhaji, ẹ má bínú o, kò sẹ́ni tó máa ka èyí. Àkàrà ni wọ́n máa fi pọ́n." Ó ní kí ló dé. Mo ní, "Oògùn yín lẹ̀ ń ròyìn. Ta ló fẹ́ gbọ́ nípa oògùn yín? Nípa ara rẹ̀ ni kálukú fẹ́ gbọ́." Ó wò mí títí, ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní, "Ìwọ obìnrin yìí, ẹnu rẹ ò dáa! Ó yá, kọ ọ́ bó ṣe yẹ."

Mo kọ ọ́ bó ṣe yẹ. Mo ní ká pa ìwé ìléwọ́ tì, lẹ́tà ni ká máa kọ, lóṣooṣù. Ta ló ń kọ lẹ́tà sí ìyá tó ń ta iṣu? Ọjọ́ tí lẹ́tà bá dé bá irú wọn, gbogbo agboolé ló máa gbọ́. A ó fi ẹ̀rọ tí wọ́n ń fọwọ́ yí, irú èyí tí àwọn tíṣà fi ń tẹ ìdánwò, tẹ ọgọ́rùn-ún ẹ̀dà, àmọ́ mo fi àyè sílẹ̀ lókè pátápátá. Àyè yẹn ni mo máa ń fi bírò kọ oríkì obìnrin tí lẹ́tà ń lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ sí. Mi ò ní kí n kọ orúkọ tí wọ́n ń pè é lọ́jà, oríkì ni mo ní. Àwọn obìnrin tó ń bá Alhaji tajà láti ọjà dé ọjà ló ń bá wa fi eré bèèrè rẹ̀ lẹ́nu wọn. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ìyá ẹni ló ń fi oríkì kí ẹni láàárọ̀ téèyàn bá kúnlẹ̀. Bí ẹ bá fi oríkì pe obìnrin ẹni àádọ́ta ọdún tí ìyá rẹ̀ ti kú, omijé ni yóò kọ́kọ́ bọ́ lójú rẹ̀ kó tó bèèrè ohun tí ẹ̀ ń tà. Mo mọ èyí dájú, ohun tí mo sì fi ìmọ̀ ṣe nìyẹn.

Lẹ́yìn oríkì, mo máa sọ ìtàn kékeré kan, bí ẹni tí ń bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ nídìí ààrò. "Mo rántí rẹ lónìí nígbà tí mo rí ìyá kan tó ń fi òwú wá ojú abẹ́rẹ́, tí kò rí i. Mo ní, Ọlọ́run, má jẹ́ kí tiwa rí bẹ́ẹ̀." Mi ò ní dárúkọ oògùn títí yóò fi kù díẹ̀ kí ìwé tán. Nísàlẹ̀ pátápátá, lẹ́yìn ó dìgbóṣe, mo máa wá kọ ọ́ pé, "Mo fẹ́ gbàgbé o," kí n tó sọ ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n ṣe. Irọ́ ni, mi ò fẹ́ gbàgbé nǹkan kan! Ibẹ̀ gan-an ni mo ti máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í kọ lẹ́tà náà. Mo ti ṣàkíyèsí pé ohun téèyàn bá sọ lẹ́nu ọ̀nà nígbà tó ń lọ ni wọ́n máa ń gbà gbọ́ jù. Oògùn tà bí omi. Tí mo bá gbọ́ pé wọ́n tún ti rà á tán ní Ìlémọnà, mo máa ń pòṣé, mo ní òmùgọ̀ pọ̀ láyé. Ẹ ò rí mi bí?

Ẹ̀gbọ́n mi yìí ló pọ̀n mí dàgbà nígbà tí ìyá wa kú. Ó lọ́kọ sí Ojoku, iṣu ló ń tà níbẹ̀. Ìyá Ràfíù ni gbogbo ọjà ń pè é. Oríkì rẹ̀ ni Àníkẹ́, àmọ́ lẹ́yìn ìyá wa, kò sẹ́ni tó tún ń pè é bẹ́ẹ̀, èmi náà kì í pè é, ẹ̀gbọ́n mi ni. Kí n tó mọ Alhaji rárá ni ojú ti ń yọ ọ́ lẹ́nu, èmi fúnra mi ni mo sì mú un lọ sọ́sibítù. Dókítà ní nǹkan kan ń ti ojú rẹ̀ láti inú wá, pé èyí tó ti bàjẹ́ kò lè padà mọ́, ṣùgbọ́n tó bá ń kán oògùn tí òun fún un láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, èyí tó kù kò ní lọ. Ó ní kò gbọdọ̀ dá a dúró láéláé. Mo tún un sọ fún un ní ẹ̀ẹ̀mẹta nínú mọ́tò kí a tó délé.

Báwo wá ni lẹ́tà ṣe dé ọ̀dọ̀ rẹ̀? Níjọ́ tí a kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́, Alhaji ní kí n parí ẹyọ kan kí òun wò ó. Oríkì tó wá sí mi lọ́kàn ni mo kọ, Àníkẹ́, mo sì kọ agboolé ọkọ rẹ̀ ní Ojoku sẹ́yìn ìwé. Kí n tó ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ dé, Alhaji ti kó o pọ̀ mọ́ ìyókù fún awakọ̀ tó ń bá wa pín in. Mo ṣe hàà, mo wá ní kò burú, ẹ̀gbọ́n mi kò kúkú mọ̀wé. Ẹ wo ọlọ́gbọ́n! Bíi pé ẹni tí kò mọ̀wé kò ní ẹni tó ń bá a kà á. Tíṣà kan wà tó háyà yàrá nílé wọn, tó máa ń kà á fún un lójúde bí ìròyìn rédíò. Láti oṣù yẹn ni orúkọ rẹ̀ ti wọ ìwé Alhaji, oṣooṣù ni mo sì ń fi ọwọ́ ara mi kọ Àníkẹ́ sí i. Ká sòótọ́, mo ń gbádùn ẹ̀. Ó ń ṣe mí bí ẹni pé mò ń kí i. Mi ò sọ irú iṣẹ́ tí mò ń ṣe fún un, mo ní iléèwé kan ni mò ń bá tẹ táípù, torí ojú Alhaji àti ìkòkò rẹ̀ ń tì mí.

Ìgbà tó ṣe, Alhaji bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn. Ó ní, "Wọ́n ń lo tèmi, wọ́n ń lo ti ọsibítù. Tí ojú bá dá, dókítà ni wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Wá nǹkan ṣe sí i." Mo wá nǹkan ṣe sí i. Mi ò tiẹ̀ tíì mu omi inú ife mi tán tí mo fi kọ ọ́: "Mo fẹ́ gbàgbé o. Oògùn méjì kì í gbé inú ojú kan. Fi ti ọsibítù sílẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, kí o rí ohun tí Ọlọ́run máa ṣe. Má sọ fún ẹnikẹ́ni nínú ẹbí rẹ o, torí ayé kò fẹ́ ká ríran." Alhaji jó yíká ṣọ́ọ̀bù, ó ní kí n máa tún un kọ lóṣooṣù. Mo mú bírò, mo ń kọ oríkì wọn sókè lọ́kọ̀ọ̀kan, títí mo fi kan Àníkẹ́. Ṣé mi ò rántí ojú ẹ̀gbọ́n mi ni? Mo rántí o! Mo ní ẹni tí èmi fúnra mi mú lọ sọ́dọ̀ dókítà kò lè máa gbọ́ ti bébà. Mo kọ ọ́, mo ká a, mo mú òmíràn.

Nígbà ọdún Iléyá, mo lọ kí i. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ojú ńkọ́?" Ó ní, "Ó ń dá, alihamudulilai." Mo ní, "Ṣé ẹ̀ ń kán oògùn yín?" Ó ní, "Mò ń kán an." Kò purọ́ fún mi. Èmi ni mi ò bèèrè pé oògùn wo. Ọdún Iléyá kejì, ó bu omi fún mi, ẹ̀gbẹ́ ife ló dà á sí. Ó na ọwọ́, ó ń wá ojú mi kiri bí ẹni tó ń wá nǹkan nínú òkùnkùn, ọ̀sán gangan sì ni. Mo sáré wọ yàrá rẹ̀, mo ṣí àpótí. Oògùn ọsibítù tí mo rà fún un kẹ́yìn wà níbẹ̀, kò já ìdérí rẹ̀ rí. Ìgò Alhaji tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, gbogbo wọn ti gbẹ. A gbé e padà lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó bọ́ awò ojú rẹ̀ sílẹ̀, kò sì bá a sọ̀rọ̀, èmi ló yíjú sí. Ó ní, "Kí ni ẹ̀ ń ṣe láti ọjọ́ yìí?"

Mo lọ bá Alhaji ní ṣọ́ọ̀bù, mo bú u títí tí ohùn mi fi há. Ó dúró kí n bú u tán. Ó wá ní, "Ṣé èmi ni mo kọ ọ́ ni? Ṣé èmi mọ̀wé ni?" Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Mo ti ń fojú pa ọkùnrin yẹn rẹ́ láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, ọ̀rọ̀ òtítọ́ kan ṣoṣo tó sọ fún mi, orí mi ló sọ ọ́ lé.

Ọ̀dọ̀ mi ni ẹ̀gbọ́n mi wà báyìí. Ní Jímọ̀ tó kọjá, mo ń kà á fún un, mo dé ìsàlẹ̀, mo fo ibi burúkú yẹn. Ó gbé ọwọ́ sókè. Ó ní, "Àbúrò mi, o fo ibì kan. Ibi tó ti ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni." Ó ti há gbogbo rẹ̀ sórí! Mo kà á. Ó mi orí, ó ní, "Ibẹ̀ ni mo ti ṣẹ̀. Wọ́n ní kí n má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀, Tíṣà sì mọ̀, òun ló kà á. Ǹ bá ti wá ẹlòmíràn tí kò gbé nílé wa. Ẹni tó kọ ìwé yìí fẹ́ràn mi, èmi ni mi ò gbọ́ràn. Ẹ̀bi mi ni." Lẹ́yìn náà ló wá ní kí n tún ibi tó ti pè é ní Àníkẹ́ kà.

Ẹ gbà mí o. Tí mo bá dákẹ́, yóò gbé ẹ̀bi mi wọ sàréè bíi pé tirẹ̀ ni. Tí mo bá sọ ọ́, mo ti gba ohun kan ṣoṣo tó ń dùn mọ́ ọn lọ́wọ́ ẹ̀, kò sì tún ní rí ẹni tó máa fi oríkì pè é mọ́, torí mi ò mọ ẹnu tí mo máa fi pè é. Ẹ máa sọ fún mi pé ẹlẹ́jọ́ tó mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Mo ti gbọ́. Ẹ má fi òwe dá mi lóhùn, ẹ má sì kọ ọ̀rọ̀ dídùn sí mi, mo lè kọ èyí tó dùn ju tiyín lọ. Ẹ sọ ohun tí mo máa ṣe gan-an fún mi. Àwọn ọkùnrin ti ń ti mọ́ṣáláṣí bọ̀. Mò ń gbọ́ bó ṣe ń tú gèlè yẹn.