Ti Àtijọ́ Ni Mo Ní Kó Rà

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láàyè kí n jókòó tì yín, kí n sọ ohun tí n kò tíì lè sọ fún ọkọ mi. Bí ẹ bá pàdé mi ní Ìkẹ́rẹ́ níbí, obìnrin kan lẹ ó rí tó gbé báàgì kọ́ èjìká, tó ń lọ kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní sáyẹ́ǹsì. Àwọn èèyàn a kí mi pé, "Mà, ẹ kú ìrọ́jú." Èmi a dáhùn. Wọn a ní Ọlọ́run yóò tú àṣírí ẹni tó ṣe yín ní ibi yìí. Èmi a ṣe àmín. Háà! Àmín yẹn ló ń pa mí lọ díẹ̀díẹ̀. Nítorí bí Ọlọ́run bá gbọ́ àdúrà náà lóòótọ́, tó sì tú àṣírí, èmi ni gbogbo wọn yóò yíjú sí.

Ọmọkùnrin kan ṣoṣo ni mo bí láàrin àwọn obìnrin. Bọ́dé lorúkọ rẹ̀. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló ń ṣe ní Àbújá, iṣẹ́ náà sì gbè é. Láti kékeré ló ti fẹ́ràn mọ́tò. Ó lè wà ní yàrá kó gbọ́ ohùn ọkọ̀ lójú títì, kó sì sọ irú èyí tó jẹ́, kò sì ní ṣì í. Nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ wá tó nǹkan, kì í ṣe mọ́tò tí èèyàn fi ń kó ẹbí lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ló lóun fẹ́ rà. Mọ́tò eré ni, onílẹ̀kùn méjì, èyí tó rẹlẹ̀ débi pé èèyàn á fẹ́rẹ̀ẹ́ jókòó sílẹ̀ kó tó lè wọ inú rẹ̀. Bàbá rẹ̀ bínú. Ó ní ojú ọ̀nà wo ni yóò ti wà á, ṣé èyí tó kún fún kòtò yìí? Èmi ni mo bá a bẹ bàbá rẹ̀. Mo ní ọmọ tó ṣiṣẹ́, tí kò jalè, tí kò lu ẹnikẹ́ni ní jìbìtì, ẹ jẹ́ kó ra ohun tó wù ú.

Ó rí méjì. Tòkunbọ̀ ni méjèèjì, orúkọ kan náà ni wọ́n sì ń jẹ́, àmọ́ ọ̀kan jẹ́ ti àtijọ́, èkejì sì jẹ́ ti tuntun tí wọ́n tún ṣe lẹ́yìn ọdún púpọ̀. Ó fi fọ́tò wọn ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù, lẹ́yìn náà ló pè mí. Ọmọ mi kì í ra nǹkan ńlá láìgbọ́ tẹnu mi. Bí mo ṣe tọ́ ọ nìyẹn, mo sì máa ń fi yangàn láàrin àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ mi. Ti àtijọ́ yẹn, àwọ̀ eérú ni, iná iwájú rẹ̀ rí roboto, kò jọ ohun tó ń wá ariwo. Ti tuntun pupa fòò, ojú iná rẹ̀ sì ṣe tín-ín-rín bí ojú ẹni tó ń wá ìjà. Bọ́dé ní, "Mọ́mì, ọkàn mi pín sí méjì. Ti àtijọ́ yìí ni àwọn tó mọ mọ́tò fẹ́ràn jù. Ọwọ́ lèèyàn fi ń yí jíà rẹ̀, èèyàn á mọ̀ pé òun ń wa nǹkan. Mẹkáníìkì Ìkẹ́rẹ́ gan-an lè tú u, kó sì tún un tò. Àmọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ni gbogbo agbára rẹ̀ wà. Bí òjò bá rọ̀, ìdí rẹ̀ lè yọ̀, kó yí po mọ́ èèyàn lọ́wọ́. Ti tuntun ní kọ̀ǹpútà tó máa ń di táyà mú kó má yọ̀. Ti àtijọ́ ò ní in rárá."

Ẹ gbọ́ mi dáadáa. Ó sọ ọ́ fún mi, kò sì sí ẹlòmíràn tó gbọ́ ọ. Èmi olùkọ́ sáyẹ́ǹsì, tí mo máa ń dúró níwájú kíláàsì ṣàlàyé ìdí tí bàtà fi ń yọ̀ lórí ilẹ̀ tútù, mo gbọ́ ọ, ó sì yé mi yékéyéké. Kí ni mo wá sọ? Mo ní, "Ti àtijọ́ ni kó o rà. Ọlọ́run ni kọ̀ǹpútà wa." Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ó dáa, Mà."

Ẹ ó bi mí pé kí ló dé. Ẹ̀rù ojú burúkú ni. Ọkọ mi ní ẹ̀gbọ́n obìnrin kan, ọmọ ìyá rẹ̀ gan-an. Ìsẹ̀ ni ilé bàbá wọn, ṣùgbọ́n Emùré ló ti lọ́kọ, ibẹ̀ náà ló sì ti di opó, ìdí nìyẹn tí gbogbo wa fi ń pè é ní Ìyá Emùré. Ọmọkùnrin rẹ̀ àti Bọ́dé jẹ́ ẹgbẹ́, àmọ́ tirẹ̀ kàwé tán, kò ríṣẹ́. Níbi ìsọmọlórúkọ kan ní Ìsẹ̀, Ìyá Emùré wo Bọ́dé títí, ó mí kanlẹ̀, ó ní, "Ọma uyàwó mi ti gòkè. Kí Ọlọ́run rántí tèmi náà." Kí ló burú nínú ọ̀rọ̀ yẹn? Lónìí mo mọ̀ pé kò sí nǹkan kan. Lọ́jọ́ náà, bí èpè ni mo ṣe gbọ́ ọ. Ní ìjọ tí mò ń lọ, wọ́n máa ń kìlọ̀ fún wa pé ká má ṣí ògo ọmọ wa sílẹ̀ fún ará ilé, pé kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló wà. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà mì lódindi. Láti ìgbà yẹn, bí Bọ́dé bá ra aṣọ, mo ní kó má wọ̀ ọ́ lọ sí Ìsẹ̀. Bó bá ní ìlọsíwájú níbi iṣẹ́, mo ní kó pa ẹnu mọ́. Nígbà tó wá fi mọ́tò méjì hàn mí, n kò wo táyà, n kò wo bíréèkì. Ojú arúgbó kan ní Emùré ni mò ń wò. Mo ní èyí tó pupa yìí yóò pariwo, èyí tó dà bí eérú yìí, wọ́n á rò pé àlòkù lásán ni.

Bọ́dé ra ti àtijọ́, ó sì wà á wálé. A kò ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Inú ọgbà ni mo ti gbọ́wọ́ lé e gbàdúrà, géètì ní títì. Mo kìlọ̀ fún un kó má gbé e dé Emùré. Ó ní, "Mọ́mì, ta ló pọ̀n mí?" Òótọ́ ni. Nígbà tí mo padà sílé ìwé gíga ní Adó, Ìyá Emùré ló gba Bọ́dé lọ́wọ́ mi nígbà tí mo já a lẹ́nu ọmú, ó pọ̀n ọ́n lọ sóko, ó pọ̀n ọ́n lọ sọ́jà. Nígbà tí mo kàwé tán tí mo wá mú un, ọmọ náà kò fẹ́ tẹ̀ lé mi. Bóyá láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń bá obìnrin náà ṣe orogún tí òun kò sì mọ̀.

Ó di ọjọ́ Sátidé kan, Bọ́dé ní òun ń lọ kí ọ̀rẹ́ òun ní Ìsẹ̀. Ó kọjá Ìsẹ̀, ó dé Emùré. Àwọn aládùúgbò ló sọ bó ṣe rí fún wa nígbẹ̀yìn: ijó ni Ìyá Emùré jó jáde. Ó bu omi tútù nínú ìkòkò, ó dà á sí ẹsẹ̀ táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bí àwọn àgbà wa ṣe máa ń ṣe sí ọkọ̀ tuntun, ó ní ọ̀nà yóò tutù fún ọmọ òun. Ó di iṣu sí i lẹ́yìn ọkọ̀, ó sì dúró lẹ́bàá títì títí kò fi rí i mọ́.

Òjò ká a mọ́ ọ̀nà láàrin Ìsẹ̀ sí Ìkẹ́rẹ́. Bàbá kan tó ń ti oko kòkó bọ̀, tó yà sábẹ́ igi, ni ọ̀rọ̀ náà ṣojú rẹ̀. Ó ní ọmọ náà kò sáré. Ó ní ìdí mọ́tò ló dédé yí po níbi kọ́nà, bí ìgbà tí ẹnìkan bá fà á látẹ̀yìn, ó sì lọ fi ẹ̀gbẹ́ sọ igi. Ẹ̀gbẹ́ tí Bọ́dé jókòó sí ni. Kí wọ́n tó gbé e dé ọsibítù, ó ti tán.

Òbí kì í rí sàréè ọmọ. Àwọn ọkùnrin ilé ló lọ sin ín, títí di òní n kò mọ ibẹ̀. Orí ẹní ni mo wà nínú pálọ̀, èrò kún fọ́fọ́, tí ọ̀rọ̀ bàbá olóko náà fi dé. Ẹnìkan ní, "Bí ẹnìkan bá fà á látẹ̀yìn?" Ẹlòmíràn ní, "Ṣé ẹ ò gbọ́ pé Ìyá Emùré da omi sí táyà? Omi ló dà sí i, inú omi náà lọmọ kú sí." Gbogbo pálọ̀ yíjú sí mi. Wọ́n ń wo ẹnu mi. Ohùn ọmọ mi ń dún létí mi pé, "Ìdí rẹ̀ lè yọ̀." Gbólóhùn kan péré ni mo nílò láti gba obìnrin náà sílẹ̀. Mo tẹ orí ba, mo ní, "Ẹ fi í sílẹ̀ fún Ọlọ́run."

Yéè! Ẹ̀yin náà kúkú mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn jẹ́ láàrin wa. Ẹni tí ìyá òkú bá fi sílẹ̀ fún Ọlọ́run, ayé ti dá a lẹ́bi tán. Ìkórìíra kọ́ ló mú mi sọ ọ́ lásìkò yẹn. Ohun tó mú mi sọ ọ́ ni pé bí ẹnìkan bá ṣe é, a jẹ́ pé kì í ṣe èmi. Ó tù mí lára, kí n má purọ́ fún yín. Fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ó tù mí lára.

Láti ìgbà náà ni nǹkan ti yí padà fún Ìyá Emùré. Àwọn obìnrin ìjọ rẹ̀ kò jókòó tì í mọ́. Ọmọbìnrin tó bí nínú ara rẹ̀ ti kó àwọn ọmọ-ọmọ kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Ọkọ mi, tí wọ́n jọ mu ọmú kan náà, kì í gbé ìpè rẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, arúgbó náà wọkọ̀ wá sí Ìkẹ́rẹ́. Ọkọ mi ti ara rẹ̀ mọ́ yàrá. Èmi ni mo jáde sí i, a sì dúró lẹ́nu géètì bí àlejò méjì. Ó ti rù. Ó ní, "Uyàwó mi, ùwọ mọ̀ mí. Ọma tí mo pọ̀n, kí ni mo fẹ́ fi ikú rẹ̀ ṣe? Ùwọ tó kàwé, bá mi wò ó, ṣé omi tútù lè ti mọ́tò ṣubú ni?" Mo wo ojú ọ̀run. Mo ní, "Màmá, ẹ máa lọ sílé, òjò ń ṣú." Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi! Ó ní mo ṣeun tí mo bá òun sọ̀rọ̀.

N kò lè búra pé ti tuntun ì bá gba ọmọ mi là. Kọ́nà ibẹ̀ burú, òjò ọjọ́ náà sì pọ̀. Ṣùgbọ́n mo mọ ìdí tí mọ́tò náà fi yí, mo sì mọ ẹni tó ní kó rà á. Ní Sátidé tó ń bọ̀, ẹbí ń pàdé ní Ìsẹ̀. Wọ́n fẹ́ yọ Ìyá Emùré kúrò láàrin wọn, pé bó bá kú, kí ẹnikẹ́ni láti ilé bàbá rẹ̀ má yọjú síbẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ní òun yóò wá, pé òun kò ní ohun tóun ń fi pa mọ́. Ọkọ mi bu tíì fún mi láàárọ̀ yìí, ó ní èmi ìyá ọmọ ni wọ́n máa kọ́kọ́ bi léèrè, ohun tí mo bá sì sọ ni wọ́n máa tẹ̀ lé. Bí mo bá sọ òótọ́, ọkùnrin yìí tó ti pàdánù ọmọ, ṣé yóò tún lè máa wo ojú mi? Bí n kò bá sọ ọ́, ṣé ìṣojú mi ni arúgbó náà yóò ti kú sí ìta?

Ẹ̀yin tí ẹ ti tọ́mọ, tí ẹ ti ṣe ìyàwó ilé, ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí Sátidé tó pé. Ẹ bú mi bí ẹ bá fẹ́, ó tọ́ sí mi. Ṣùgbọ́n ẹ dákun, ẹ má ní kí n fi í sílẹ̀ fún Ọlọ́run. Mo ti sọ ìyẹn rí.