Fàtíhà Méjì fún Àwo Bọ́ọ̀lù

Dúró níbẹ̀, Rìdwánù. Pa alùpùpù yẹn. Mo ní kí o pa á, má fi ariwo rẹ̀ bò mí lóhùn, etí rẹ méjèèjì ni mo fẹ́. Ìyá elépo, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ìgò yín dúró ná, ẹ má tíì rọ epo sí i fún un, nítorí ibi tó fẹ́ fi epo náà lọ kò tíì yé wa. Láti Kambolé ni mo ti ń lé ọ bọ̀, lórí alùpùpù tí mo háyà, eruku ti di ìpara sí mi nírùngbọ̀n, mo sì ń tọrọ lójú ọ̀nà pé kí Ọlọ́run jẹ́ kí n bá ọ kí o tó kúrò ní Tchamba. Ó gbọ́. Ó fi epo tó tán nínú alùpùpù rẹ dá ọ dúró fún mi. Ṣé o rí i pé Ọlọ́run ti dá sí ẹjọ́ yìí kí n tó dé?

Páálí tí o so mọ́ ẹ̀yìn yẹn, kí ló wà nínú rẹ̀? Má wò mí bẹ́ẹ̀. O sọ fún Ìyá pé o fẹ́ lọ nù wọ́n. Ìyá arúgbó tí kò ríran dáadáa mọ́, òun ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ bá ọ di páálí, tó ń ṣàdúà fún ọ, tó ń sọ pé ọmọ òun ṣe bí ọmọ, ó fẹ́ lọ nu eruku kúrò lára ohun tí Àbdùlàhí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi sílẹ̀ kó tó kú. Èmi ti oko dé, mo wọ yàrá Ìyá, mo bá àyè lórí pẹpẹ, ojú ibi tí páálí wà mọ́, eruku yí i ká. Mo ní, Ìyá, níbo ni àwọn àwo géèmù Àbdùlàhí wà? Ó ní Rìdwánù ti gbé wọn lọ sí Sokodé, ó fẹ́ lọ nù wọ́n. Nù wọ́n kẹ̀? Ṣé kò sí àkísà ní Kambolé ni?

Mo pe Àlíù ọ̀rẹ́ rẹ. Kò kọ́kọ́ fẹ́ sọ. Mo ní kó rántí pé òun nìkan ni yóò dáhùn nínú sàréè, ọ̀rẹ́ kì í bá ọ̀rẹ́ wọ ibẹ̀, ni ẹnu rẹ̀ bá tú. Ó ní ẹnì kan wà ní Sokodé tó fẹ́ gba àwo mẹ́tàdínlógún náà lọ́wọ́ rẹ, kó gba ẹ̀rọ géèmù àtijọ́ tí a fi ń lò wọ́n pẹ̀lú, kó sì gbé ẹ̀rọ tuntun tí kò lẹ́nu fún ọ.

Ẹ̀rọ tí kò lẹ́nu! Súbúhànálláhì. Ẹ̀rọ tí kò níbi tí èèyàn lè ki àwo bọ̀, tó jẹ́ pé inú afẹ́fẹ́ ni yóò ti máa fa gbogbo géèmù rẹ̀, tí o máa fi kóòdù ṣí, tó jẹ́ orúkọ tìrẹ nìkan ni yóò mọ̀. Ohun tí kò lẹ́nu, báwo ni yóò ṣe sọ̀rọ̀ Àbdùlàhí?

Kí lo wí? Wí i sókè. O ní àwo ń họ. Lóòótọ́ ló ń họ. O ní eruku Kambolé ń pa wọ́n, o ní ọwọ́ tí wọ́n fi jẹ iyán ni wọ́n fi ń dì wọ́n mú, o ní géèmù tuntun kò fi bẹ́ẹ̀ jáde lórí àwo mọ́, o ní èyí tí a bá fà látinú afẹ́fẹ́, olè kò lè jí i, iná kò lè jó o. Mo gbọ́. Púpọ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ òótọ́, n kò ní torí pé inú ń bí mi kí n purọ́ mọ́ ọ. Ṣùgbọ́n Iléyá tó kọjá ńkọ́? Ṣé o ti gbàgbé ni?

Ṣebí Àlíù yìí ló gbé ẹ̀rọ tí kò lẹ́nu wá bá wa ṣọdún. Ó fi aṣọ wé e láti Sokodé wá bí ẹni gbé ìyàwó. Wọ́n tẹ́ ẹní sí ọ̀ọ̀dẹ̀ wa, àwọn ìbátan wa ti òdìkejì ibodè, láti ilẹ̀ Benin, ti jókòó, iná sì wà lọ́jọ́ náà bí ẹni mọ̀ pé ọdún ni. Ó tan ẹ̀rọ. Kí la rí? Àgádágodo. Àgádágodo lórí géèmù kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀rọ ní òun gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bi àwọn ará òkè òkun bóyá Àlíù ló ni ohun tí Àlíù rà. Nẹ́tíwọ̀kì tí ẹ̀yin ará Sokodé ń pè ní rẹ́sò kò sì sí. Àlíù gun òkúta ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí, ó na fóònù sókè bí ẹni ń tọrọ òjò, títí wọ́n fi pe ìrun àlàásárì lé e lórí. Rìdwánù, bí mo bá wa iṣu nínú ebè tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ, ṣé mo gbọ́dọ̀ ránṣẹ́ sí ẹnì kan lókè òkun kí n tó sun ún jẹ?

Ta ló wá yọ wá lọ́jọ́ náà? Ìwọ ni. Ìwọ gan-an lo dìde, o wọ yàrá Ìyá, o gbé ẹ̀rọ àtijọ́ jáde, o mú àwo bọ́ọ̀lù, ẹ̀rọ náà kò sì bi ọ́ ní baba rẹ. Ó kàn gbé àwo mì, ó ṣiṣẹ́. Kí o tó ki àwo náà bọ̀ ọ́, kí ni gbogbo ọ̀ọ̀dẹ̀ ṣe? Wọ́n tẹ́wọ́. Wọ́n ka Fàtíhà. Àwọn ará Benin tí kò fojú kan Àbdùlàhí rí, àwọn náà tẹ́wọ́, wọ́n kà á.

Owó àwo nìyẹn. Ìwọ pẹ̀lú wà níbẹ̀ nígbà tí Àbdùlàhí fi lélẹ̀. Àìsàn ti gbé e dùbúlẹ̀ ní ọ̀ọ̀dẹ̀, iṣẹ́ jíjó irin tó ń ṣe ní Sokodé ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn àwo tó fi òógùn rà lọ́kọ̀ọ̀kan ló kù ú kù. Wọ́n ń wá láti Goubi, wọ́n ń wá láti Bago, ẹni tó ní irú ẹ̀rọ àtijọ́ yẹn nílé rẹ̀ á wá yá ọ̀kan. Kò gba kọ́bọ̀. Ó ní, tẹ́wọ́ kí o ka Fàtíhà kan fún mi, kí o máa gbé e lọ, kí o dá a padà ní Jímọ̀. Àwọn ọmọ Kotokoli láti Tchamba níbí, wọ́n á sáré kà á bí ẹni tí ajá ń lé, Àbdùlàhí á ní kò gbà, ẹ padà sí ìbẹ̀rẹ̀, Ọlọ́run kì í ṣe adití ṣùgbọ́n èmi fẹ́ gbọ́. Modúpẹ́ tó ń kọ́ṣẹ́ aránṣọ, ọmọ ìjọ, òun náà wá, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní ẹ̀gbọ́n, èmi ò mọ Fàtíhà. Àbdùlàhí ní, èyí tí o bá mọ̀ ni kí o kà, Ẹni tó ń gbọ́ ọ kò gbé ilé méjì. Má rẹ́rìn-ín. Ó dáa, rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà.

Ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀rín nínú ibi tí mo ń lọ. Àìmọye ìgbà ni wọ́n ti wáàsí rẹ̀ fún wa: bí ọmọ Ádámọ̀ bá ti kú, wọ́n ká ìwé iṣẹ́ rẹ̀ nílẹ̀, àfi bó bá fi sàárà tí kì í tán sílẹ̀, tàbí ìmọ̀ tí àwọn èèyàn ń lò, tàbí ọmọ rere tó ń tọrọ fún un. Àbdùlàhí bímọ bí? Kò bí. Ó kọ́ ẹnikẹ́ni ní kéwú bí? Èmi ni mo jókòó ti wàláà, òun kò jókòó tì í. Kí ló wá kù tó ń tọ̀ ọ́ lọ nínú sàréè? Àwo mẹ́tàdínlógún. Ó kéré o. Mo mọ̀ pé ó kéré, mo mọ̀ pé àwọn alùfáà míì á gbọ́ ọ, wọ́n á mi orí. Ṣùgbọ́n gbogbo Jímọ̀ ni ẹnì kan ń tẹ́wọ́ tó ń dárúkọ rẹ̀. O fẹ́ lọ fi ìyẹn gba kóòdù. Ta ni yóò tẹ́wọ́ fún kóòdù? Bí ará Bago bá wá yá géèmù tó wà nínú afẹ́fẹ́, ṣé o máa bu afẹ́fẹ́ fún un sínú àpò?

Ohun tí mo bá rà, kí ọwọ́ mi kàn án. Kí n lè fi tọrẹ, kí n lè yá ẹlòmíì, kí ẹni tí mo bá fi sáyé lè jogún rẹ̀. Ohun tí n kò lè ṣe èyíkéyìí nínú ìwọ̀nyí sí, ṣé èmi ni mo ni ín, àbí wọ́n kàn jẹ́ kí n máa wò ó? Bí ìwọ bá kú lọ́la, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, tí alùfáà bá wá pín ogún rẹ, kí ni yóò gbé kalẹ̀ níwájú wa? Ẹ̀rọ kan tí kò lẹ́nu, tí kóòdù rẹ̀ wà nínú orí tó ti wọlẹ̀.

O ní èmi kọ́ ló yẹ kó sọ ọ́. O ní èmi tí mo ń bú géèmù, tí mo ń pè é ní ohun ìranù, ni mo wá ń sunkún àwo lónìí. Ó tọ́ kí o sọ bẹ́ẹ̀. Sún mọ́ mi. Mo fẹ́ sọ nǹkan kan tí n kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí, n kò sọ ọ́ fún Ìyá pàápàá.

Àwo bọ́ọ̀lù yẹn, o ní ó ti bàjẹ́, pé bí èèyàn bá yan pápá tí òjò ti ń rọ̀, àwòrán á dúró gbagidi. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, wọ́n ti fi ń kìlọ̀ fún ara wọn títí dé Goubi pé má yan pápá òjò. Ta lo rò pé ó họ ọ́? Èmi ni. Wàláhì, èmi Ọ̀ṣẹ́nì ni. Ọdún tí Àbdùlàhí kọ́kọ́ gbé e wálé, ìrun àlàásárì kọjá lórí rẹ̀ nídìí géèmù, inú bí mi, ó lọ wẹ̀ lódò, mo mú àwo náà lọ sẹ́yìn àká iṣu, mo fi iyanrìn ha á bí ẹni ń ha ìdí ìkòkò, mo dá a padà sínú ilé ike rẹ̀. Mo ṣàlùwàlá, mo lọ kírun, ọkàn mi balẹ̀, mo rò pé iṣẹ́ Ọlọ́run ni mo ṣe.

Ó padà dé, ó ṣí i, ó wò ó. Kò bi ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi ń fi ọṣẹ ìfọyín nù ún, díẹ̀díẹ̀, títí ó fi ṣiṣẹ́, àfi pápá òjò yẹn.

Ó dáa. Rántí: àwo mẹ́rìndínlógún yòókù, Fàtíhà kan kan ni wọ́n ń kà kí wọ́n tó gbé e. Bọ́ọ̀lù ńkọ́? Méjì. Ẹ̀yin ní torí pé òun ló dùn jù ni. Àwọn ọmọ Goubi ń ṣàwàdà pé bọ́ọ̀lù ti gbówó lórí. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀. Ó ku ọjọ́ méjì kó lọ, mo ń fún un lómi, ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, Fàtíhà kejì yẹn, tiyín ni. Mo ti bá yín gbà á sílẹ̀ nítorí ọjọ́ tẹ́ ẹ fi iyanrìn fọ̀ ọ́."

Ó mọ̀. Ọdún mẹ́fà ló fi mọ̀, kò fi hàn mí lójú, kò sọ ọ́ nígbà tí mo dúró níwájú àwùjọ tí mo ń fi ọ̀rọ̀ gún un lára. Èmi tí mo ń wáàsí, àdúà àwọn tí mo ń bú ni mo ń jẹ.

Nítorí náà má sọ fún mi pé àwo ń họ. Híhọ yẹn, èmi ni mo ni ín, mo sì fẹ́ kó wà níbi tí ojú mi á ti máa rí i. Ìwọ lo di ẹsẹ̀ Àbdùlàhí mú lọ́jọ́ tó ní, "Ẹ má tà wọ́n, ẹ máa yá wọn fún èèyàn." Àmánà ni, ohun tí a fi síni lọ́wọ́. Ẹni kan kì í dá a gbé lọ sí ọjà.

Ra ẹ̀rọ tí kò lẹ́nu tó bá wù ọ́. Òógùn rẹ ni, ọmọ ìlú ńlá ni ọ́, Sokodé ní rẹ́sò, fà á láti inú afẹ́fẹ́ títí yóò fi sú ọ, n kò ní sọ nǹkan kan, bí ẹ̀ẹ̀dẹ̀gbẹ̀ta géèmù bá wà nínú rẹ̀ kó máa wà. Bó bá jẹ́ pé apá rẹ kò ká a, mo ní oko iṣu kan lápá odò, ṣáà ti wí, màá tà á kún tìrẹ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí tó wà lẹ́yìn rẹ yìí.

Ọ̀la ni Jímọ̀. Ẹnì kan ń bọ̀ láti Bago, yóò dúró lẹ́nu ọ̀nà wa, yóò tẹ́wọ́ méjèèjì, Ìyá yóò sì na ọwọ́ sí pẹpẹ. Má jẹ́ kó bá àyè.

Ọ̀nà tí o kọjú sí yìí, Sokodé ni. Èyí tí mo gbà dé, Kambolé ni. N kò ní fi ọwọ́ kan páálí, n kò ní jà ọ́ lólè, ìwọ ni mo fẹ́ kí o ṣe é. Ìyá elépo, ẹ rọ epo náà sí i wàyí, èmi ni màá san án. Rìdwánù, àbúrò mi, mo bẹ̀ ọ́, yí orí alùpùpù yẹn padà.