Mo Ní Kò Sẹ́ni Tó Ń Dáko Níbẹ̀

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ mi yìí, bí ẹ bá rí mi nígboro Sokodé, ẹ ó rò pé ayé yẹ mí. Àdúgbò Kouloundè níbẹ̀ ni mò ń gbé, zémì ni mò ń wà, mò ń fi alùpùpù gbé èrò, mo sì ń bá àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ṣẹ̀fẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti tó oṣù mẹ́ta tí mo ti ń fi ọ̀rọ̀ kan pamọ́. Sàlífù ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ìyá mi kan ṣoṣo, ló rán mi níṣẹ́. Ó ní kí n bá òun wá ẹlẹ́rìí èké tó fẹ́ mú kí wọ́n gba oko lọ́wọ́ òun. Háà! Èmi alára ni ẹlẹ́rìí èké náà. Irú iṣẹ́ wo rèé?

Ọmọ àgbẹ̀ ni wá ní Kambolé. Nígbà tí bàbá wa kú, ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi ni ilẹ̀ bọ́ sí, bó ṣe yẹ kó rí. Èyí tó wà lẹ́bàá ọ̀nà nínú rẹ̀, a ti gbin iṣu àti àgbàdo sí i títí ó fi ṣá, ẹ̀gbọ́n mi wá fi í sílẹ̀ kó sinmi. Mo bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí n gbin igi kajú síbẹ̀, ó kọ̀ jálẹ̀. Ó ní, "Àbúrò, bí o bá gbin igi síbẹ̀ lónìí, o ti gbà á nìyẹn. Níbo ni màá ti rí iṣu fún ọmọ mẹ́sàn-án?" Òótọ́ ló sọ. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá gbin igi ló ni ilẹ̀, ọmọdé pàápàá mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n inú bí mi, mo kẹ́rù mi, mo forí lé Sokodé, a kò sì bá ara wa sọ̀rọ̀ fún ọdún méjì gbáko. Agídí mi pọ̀, n kò ní parọ́ fún yín.

Ibi tí mo ti ń retí èrò lọ́jọ́ kan ni ọ̀gá kan tó ń wọn ilẹ̀ ti bá mi. Ìgbìmọ̀ ìlú Kambolé fẹ́ ya àwòrán ìlú, kí wọ́n pín in sí ibi tí a ó kọ́lé sí, ibi tí a ó dáko sí, àti ibi tí ọjà ẹran àti ibùdókọ̀ yóò wà. Ó ń wá ẹni tó gbọ́ èdè Kambolé tó sì mọ ọ̀nà oko. Mo gbé e lọ síbẹ̀. Mo mọ̀ pé ọjà Bago ni ẹ̀gbọ́n mi máa ń ná lọ́jọ́ náà, n kò ṣí akoto alùpùpù lórí kí wọ́n má baà dá mi mọ̀, n kò sì yà sílé. Oko dé oko, ó ń béèrè, mo ń dá a lóhùn, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tí a dé ilẹ̀ wa tí koríko ti bò, ó béèrè ẹni tó ń dáko níbẹ̀. Mo ní, "Personne." Kò sẹ́nì kankan. Ṣé irọ́ ni? Lọ́dún yẹn, kò sẹ́ni tó fi ọkọ́ kàn án lóòótọ́. Ṣùgbọ́n èmi ọmọ àgbẹ̀, ṣé n kò mọ̀ pé ilẹ̀ tó ń sinmi náà ní olóko? Mo mọ̀ ọ́n dáadáa, inú mi tilẹ̀ dùn díẹ̀. Ó ní kí n fọwọ́ síwèé gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí ọmọ ìlú, mo fọwọ́ sí i. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

Kò pẹ́ ni ẹ̀gbọ́n mi pè mí lórí fóònù. Wọ́n ti sọ fún un pé ibùdókọ̀ ni wọ́n fẹ́ fi ilẹ̀ náà ṣe. Ó ní bí òun bá ti ṣẹ̀ mí, kí n forí jì òun, pé òun kò gbọ́ Faransé, kí n wá gbẹnu sọ fún òun ní mérì, ilé ìgbìmọ̀ ìlú. Ẹ gbọ́ o, ẹni tí mo ṣẹ̀ ló ń bẹ̀ mí! Mo lọ. Ìjíròrò ìpàdé náà gbóná. Àwọn oníṣòwò ní ọkọ̀ kò níbi tí yóò dúró sí mọ́. Àwọn àgbẹ̀ ní bí gbogbo ẹ̀bá ọ̀nà bá di ilé, kí ni ìlú yóò jẹ? Mo dìde, mo ṣàlàyé bí ilẹ̀ ṣe ń sinmi, mo sọ ọ́ débi pé àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́ fún mi. Ni ọ̀kan nínú ìgbìmọ̀ bá gbé ìwé kan sókè, ó ní ọmọ ìlú kan ti jẹ́rìí pé ilẹ̀ náà kò ní olóko. Ẹ̀gbọ́n mi fọwọ́ kàn mí lórúnkún.

"Kí ló wí, àbúrò?"

Mo túmọ̀ rẹ̀ fún un. Ó béèrè pé ta ni. Mo ní wọn kò dárúkọ rẹ̀, wọn kò sì dárúkọ rẹ̀ lóòótọ́. Olórí ìgbìmọ̀ wá sọ pé bí ẹlẹ́rìí náà bá lè fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá sí ìpàdé tó ń bọ̀, kó wá yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà, wọn yóò fi ilẹ̀ náà sílẹ̀ fún oko. Bí kò bá wá, ibùdókọ̀ ni.

Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀gbọ́n mi ti ń pè mí: "Ìwọ tó ń gbé gbogbo ayé kiri ní Sokodé, o ò tíì gbúròó ẹni náà?" Ó ń fi iṣu ránṣẹ́ sí mi. Ó ń sọ fún ará ilé pé bí kò bá sí èmi, òun ì bá ti kú. Ọ̀rọ̀ náà wá di egungun lọ́nà ọ̀fun mi, kò ṣeé gbé mì, kò ṣeé pọ̀ síta. Ní Jímọ̀ tó kọjá, mo wà nílé ní Kambolé. Lẹ́yìn ìrun, ẹ̀gbọ́n mi dìde níwájú lèmọ́mù, ó ní kí gbogbo ìjọ bá òun ṣàdúrà: ẹni tó jẹ́rìí èké sí òun, lọ́jọ́ tó bá kú, kí ilẹ̀ má ṣe gbà á. Gbogbo mọ́ṣáláṣí ní àmín. Ó yíjú wò mí, nítorí kò gbọ́ ohùn mi. Mo ní àmín.

Bí mo bá sọ̀rọ̀, yóò rí oko rẹ̀ gbà, kò sì ní fẹ́ rí mi sójú mọ́ láéláé. Bí mo bá dákẹ́, ọmọ mẹ́sàn-án ni mo gba iṣu lẹ́nu wọn, n ó sì máa jẹ ìfẹ́ tí kì í ṣe tèmi. Mo mọ ohun tó tọ́. Ìpàdé ku ọjọ́ mẹ́fà. Ẹ̀yin tí ẹ ti dalẹ̀ ọmọ ìyá yín rí, tí ẹ sì padà jẹ́wọ́ fún un, ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe bẹ̀rẹ̀? Gbólóhùn àkọ́kọ́ yẹn nìkan ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi wá.