Òrùlé Tí Mo Gbé Lé Orí Èyí Tí Ọkọ Mi Kàn

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ mi yìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi gbé e yẹ̀ wò. Ìyá ọkọ mi sunkún lábẹ́ òrùlé tí mo fi dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Òrùlé náà ò jò, kò sì gbóná. Ní gbogbo ìlú Bantè níbí, n kò tíì wọ yàrá tó tutù tó tiwọn ní ọ̀sán gangan, mo sì lè fọwọ́ sọ̀yà lórí ìyẹn níwájú ẹnikẹ́ni. Síbẹ̀ wọ́n jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ń fi etí aṣọ nu ojú, èmi tí mo rò pé mo ti ṣe iṣẹ́ tó dára jù láyé mi sì dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Iṣẹ́ òrùlé ni mo ń ṣe. Obìnrin ni mí lóòótọ́, ṣùgbọ́n mo ń gun àkàbà, mo sì ń kan ìṣó. Ọkọ mi ló ni ṣọ́ọ̀bù náà tẹ́lẹ̀. Nígbà tí àìsàn mú un lọ, àwọn ẹbí rẹ̀ ní kí a ta àwọn irinṣẹ́, kí n wá nǹkan kékeré kan máa tà lọ́jà. Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ méjèèjì, Kòjó tó jẹ́ ẹ̀yà Máhì láti Djaloukou àti Láwànì ọmọ Bantè, ti ń palẹ̀ ẹrù wọn mọ́. Ìyá ọkọ mi ló jáde pẹ̀lú aṣọ ọ̀fọ̀ lọ́rùn, wọ́n lọ jókòó sórí òkìtì pákó ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ní, "Gbogbo ohun tí ọmọ mi mọ̀, ìyàwó mi yìí mọ̀ ọ́n. Òun ni ọ̀gá yín láti òní lọ. Ẹni tí kò bá lè bá obìnrin ṣiṣẹ́, ọ̀nà nìyẹn." Kò sẹ́ni tó lọ. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń tọ́jú àwọn ọmọ mi kí n lè ráyè rìn, Màmá yìí kan náà ló sì ń se iṣu fún Kòjó àti Láwànì nígbà tí iṣẹ́ ò tíì wọlé. Báwo ni èèyàn ṣe ń dúpẹ́ irú oore bẹ́ẹ̀?

Ẹ má jẹ́ n parọ́, iṣẹ́ ò kọ́kọ́ rọgbọ. Àwọn tó ń kan páànù pọ̀ bí nǹkan míì. Àfi ọjọ́ kan tí oòrùn lé wa wọ inú ahéré baba àgbẹ̀ kan lẹ́bàá Djaloukou. Ó ti rẹ baba náà láti tú koríko àtijọ́ kúrò lórí ilé, ló bá kan páànù lé e lórí bẹ́ẹ̀. A jókòó síbẹ̀, ara tù wá, Láwànì tiẹ̀ sùn lọ. Èmi ò sùn. Òkè ni mò ń wò. Nígbà tí a dé ilé, a bẹ̀rẹ̀ sí í dán an wò: páànù tí a kùn ní funfun, àyè tí afẹ́fẹ́ lè gbà kọjá lábẹ́ rẹ̀, lẹ́yìn náà ẹní tó nípọn tí a fi koríko bẹẹrẹ hun, tí a ti rì sínú omi ewé dóńgóyárò kí ikán má baà jẹ ẹ́. Ìyá aránṣọ kan ní Savalou la kọ́kọ́ kàn án fún, kò sì tan fáànù lọ́sàn-án mọ́. Obìnrin náà gun alùpùpù wá sí Bantè, ó gbé adìẹ lọ́wọ́, ó ní òun wá kí àwọn tó jẹ́ kí òun rántí bí orí tó fúyẹ́ ṣe ń rí. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ń pè wá láti Agoua àti Lougba. Ká sọ tòótọ́, orí mi wú.

Ṣùgbọ́n yàrá ìyá ọkọ mi wà bó ṣe wà, páànù lásán, gbígbóná bí inú ààrò. Òrùlé àkọ́kọ́ tí ọkọ mi dá kàn nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira iṣẹ́ ni, Màmá ò sì gbà kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Àwọn èèyàn ń sọ ọ́ lẹ́yìn mi pé mò ń fún àlejò ní òtútù, mo sì ń yan ìyá ọkọ mi bí àgbàdo. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, òòyì kọ́ wọn nínú yàrá náà, wọ́n ṣubú. Nọ́ọ̀sì ní ooru yẹn lè pa wọ́n. Mo kúnlẹ̀ bẹ̀ wọ́n. Wọ́n ní, "Bí ẹ bá tú páànù yẹn, kí ló kù tí ọmọ mi fọwọ́ rẹ̀ ṣe fún mi?"

Ọ̀rọ̀ yẹn ló jẹ́ kí n wá ọgbọ́n mìíràn. A ri òpó sí ẹ̀yìn ògiri yíká, a gbé òrùlé tuntun lé orí èyí tó wà nílẹ̀, lórí yàrá àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀, láìkan ìṣó kankan mọ́ iṣẹ́ ọkọ mi. Afẹ́fẹ́ ń gba àárín méjèèjì kọjá. Kòjó àti Láwànì ò gba nǹkan kan lọ́wọ́ mi. Kòjó ní, "Ọ̀gá, iṣu ta la jẹ?" Màmá wọlé, wọ́n sùn láti ọ̀sán títí di ìrọ̀lẹ́, wọ́n sì gbàdúrà fún wa títí ojú fi ń tì wá.

Ìgbà tí òjò àkọ́kọ́ rọ̀ ni mo bá wọn tí wọ́n ń sunkún. Ẹní bẹẹrẹ ti gba gbogbo ariwo òjò. Wọ́n ní páànù kan wà lókè ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí kò dúró dáadáa, tó máa ń pariwo bí òjò bá ń lù ú, tí ọmọ wọn sì máa ń sọ pé òun ń bọ̀ wá kàn án. Bó bá ti ń dún, ó máa ń ṣe wọ́n bíi pé ọmọ náà ṣì ń bọ̀. "Má dá mi lóhùn, ìyàwó mi," ni wọ́n ní. "Ara tù mí, o ṣé. Ó kàn dákẹ́ jù ni."

Ní ọjọ́ kejì mo gun òkè, mo tú òrùlé tuntun kúrò lórí ọ̀dẹ̀dẹ̀ nìkan, mo fi páànù aláriwo yẹn sílẹ̀ fún òjò. Kòjó ní ilé yìí ni àwọn oníbàárà máa ń kọ́kọ́ wá wò, pé a ó dà bí ẹni tí ohun èlò tán mọ́ lọ́wọ́. Òótọ́ ló sọ. Ọkùnrin kan láti Lougba rí i, ó rẹ́rìn-ín, ó sì gbé iṣẹ́ rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ọ̀rọ̀ náà dé etí Màmá. Wọ́n pè mí, wọ́n ní kí n bo ibẹ̀ padà, pé àwọn ò gbé mi sípò ọ̀gá kí n wá tìtorí àwọn ba orúkọ mi jẹ́. Wọn ò bẹ̀ mí o, àṣẹ ni wọ́n pa.

Lánàá mo gbé àkàbà lọ síbẹ̀ láti ṣe bí wọ́n ti wí. Òjò sì dé. Mo bá wọn lórí àga ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, páànù yẹn ń pariwo gbàgà-gbàgà lókè orí wọn, wọ́n ti sùn lọ. Mo gbé àkàbà mi padà sí ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀yin tí ẹ ní ìyá, ṣé mo ṣàìgbọràn?