Pèrègún Tí Mo Fà Tu

Ẹ jókòó, ẹ̀yin ọmọ mi. Nafisah, ìwọ sún mọ́ mi. Wọ́n ní bí irọ́ lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan lòtítọ́ ń bá a. Tèmi ti bá mi lórí àkéte yìí, n kò sì fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ náà wọ sàréè.

Àbúrò mi Gàní, bàbá Nafisah, kò tíì pẹ́ tó kú nígbà tí mo ní kí n tún ọgbà igi lápálápá tó pààlà ilẹ̀ èmi àti tirẹ̀ ní àdúgbò Ṣàngó ṣe. Ó ti di igbó, ejò ń jáde níbẹ̀. Hàlímọ̀tù, opó Gàní, bu omi tútù fún mi. Ó ní, "Bàbá, Ọlọ́hun á san yín lẹ́san." Mo mu omi náà, ojú kò tì mí. Èmi àti Jímọ́ọ̀ tó ń bá mi ṣiṣẹ́ gé àwọn igi àtijọ́ mọ́lẹ̀, a sì gbin ẹ̀ka wọn wọnú ilẹ̀ Hàlímọ̀tù, títí kànga rẹ̀ fi bọ́ sọ́dọ̀ mi. Pèrègún tí bàbá wa fi sàmì ààlà, ọwọ́ mi yìí ló fà á tu. Jímọ́ọ̀ ní, "Àlájì, kànga opó ńkọ́?" Mo ní, "Gé igi tí mo ní kí o gé." Lápálápá kì í pẹ́ hù. Kí àsìkò òjò tó parí, bí ẹni pé ibẹ̀ ló ti wà láti ọjọ́ aláyé ti dáyé.

Hàlímọ̀tù figbe ta. Lemọ́mù ní kí n fọwọ́ lé Àlùkùránì. Ẹ wá wo àgbà òmùgọ̀! Mo mọ̀ọ́mọ̀ lọ láìṣe àlùwàlá, mo rò pé ìbúra aláìní àlùwàlá kò lè jà. Mo búra pé n kò sún ààlà. Àdúgbò sọ obìnrin náà di òpùrọ́.

Ẹ ò tíì gbọ́ èyí tó burú jù. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ó wá kúnlẹ̀ níwájú mi. Ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú. Ẹ ò lè fi Àlùkùránì ṣeré. Ojú mi ló ṣì í wò, ẹ foríjì mí." Èmi! Mo gbọ́wọ́ lé e lórí, mo ní, "Mo ti foríjì ọ́, ìyàwó." Ó kó ẹrù, ó gbé Nafisah pọ̀n lọ sí abúlé bàbá rẹ̀. Ibẹ̀ ló kú sí.

Pèrègún náà kò kú. Ẹ̀yìn yàrá mi tí mo jù ú sí ló ti ta gbòǹgbò. Ẹ̀yin ọmọ mi ń bomi rin ín, ẹ ń pè é ní òdòdó Àlájì. Ẹ hú u lónìí, ẹ gbé e padà síbi tí bàbá wa gbìn ín sí, kí ẹ sì tu lápálápá dànù.

Nafisah, ẹ̀tọ́ ọmọ ènìyàn tí mo jẹ, ìyá rẹ ló yẹ kí n bẹ̀, n kò sì rí i bẹ̀ mọ́. Má tíì dá mi lóhùn. Kọ́kọ́ lọ fa omi nínú kànga yín, kí o mu ún. Lẹ́yìn náà, bí ọkàn rẹ bá gbà á, wá sọ fún mi ohun tí mo sọ fún ìyá rẹ nígbà tó kúnlẹ̀ níwájú mi.